Ẹ Kó Ohun Dúdú Kúrò Nínú Táńkì: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ẹyin Discus Rẹ̀ Ti Pa

Ẹyin discus, ẹja ọ̀ṣọ́ pẹlẹbẹ, á pa, ọmọ á yọ, inú ẹni tó ni ín á dùn. Tó bá máa fi di ọjọ́ kẹta tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, gbogbo wọn á ti kú sílẹ̀ táńkì. Ẹjọ́ tí àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nílé ń rò fún wa nìyí, wọ́n á sì fi kún un pé òbí ẹja náà ni kò mọ ọmọ tọ́. Wọ́n á tà á, wọ́n á fi owó gọbọi ra òmíràn, ìyẹn náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹja kò jẹ̀bi. Inú táńkì ni kí ẹ lọ wò.

A ò ní máa sọ bí akọ àti abo ṣe ń mọra wọn tàbí bí wọ́n ṣe ń fọ táńkì níbí. Ẹni tí ẹja rẹ̀ ti yé ẹyin tó sì pa ti kọjá ìyẹn.

Ọmọ discus kì í ṣe ọmọ àrọ̀ tí ẹ lè da artemia (kòkòrò omi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ẹja) fún kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ara òbí ló ti ń jẹun. Ikun tó ń yọ̀ lára ìyá àti bàbá ni oúnjẹ rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń fún un jẹ. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde pé èròjà aṣaralóore àti èyí tó ń gbógun ti àrùn máa ń pọ̀ sí i nínú ikun yìí nígbà tí ẹja bá ń tọ́mọ. Ọmọ tí kò bá rí i jẹ láàárín ọjọ́ 2 sí 3 tó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, ebi ló máa pa á. Oúnjẹ tí ẹ bá dà sómi kò ní gbà á là, ṣe ló máa ba omi jẹ́.

Báwo wá ni ọmọ ṣe ń mọ òbí? Ohun dúdú ló ń wá. Bí discus bá ń tọ́mọ, ara rẹ̀ máa ń ṣú, ọmọ á sì forí lé ibi tó ṣú nínú omi tó mọ́lẹ̀. Ẹ wá wo táńkì yín: kànìnkànìn asẹ́mi dúdú, hítà oníke dúdú, páìpù dúdú, bébà dúdú tí ẹ lẹ̀ sẹ́yìn gíláàsì nítorí pé ó ń jẹ́ kí àwọ̀ ẹja yọ. Ọmọ á lọ lẹ̀ mọ́ kànìnkànìn, á máa họ ọ́ títí tí yóò fi kú. À ń sọ èyí, à ń tún un sọ, síbẹ̀ táńkì mẹ́wàá tí wọ́n bá pè wá sí, kànìnkànìn dúdú ló ń kí wa káàbọ̀.

Ẹ ka ọjọ́. Bí wọ́n bá yé ẹyin ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, tí omi wà ní 29°C, ọmọ á máa yọ ní nǹkan bí wákàtí 60, ìyẹn àárọ̀ Tọ́sìdeè. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ amọ̀ tí wọ́n yé ẹyin sí, wọ́n á máa ju ìrù fún ọjọ́ 2 sí 3. Sátidé sí Sọ́ńdè ni wọ́n máa já lúwẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ ti parí kí ilẹ̀ Fráídè tó ṣú.

Kànìnkànìn aláwọ̀ funfun ni kí ẹ lò, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú táńkì náà fún ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú. Tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò lè sẹ́ omi. Ẹ ṣí bébà dúdú, ẹ lẹ funfun. Ẹ dín atẹ́gùn kù títí èéhó á fi máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ lè fẹnu kà á, torí pé omi tó ń ṣàn ń gbá ọmọ lọ. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín fa omi wálẹ̀ láti ínṣì 18 sí ínṣì 10, kó gbà tó wákàtí kan. Ẹ má bù ú. Hítà lè jáde fún wákàtí 6 lọ́sàn-án bí yàrá bá móoru. Bí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ 28°C, ẹ dá a padà sí igun kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ má yọ ọ́ rárá, ẹ fi àwọ̀n funfun yí i ká.

Iná alẹ́ ńkọ́? Ẹ má pa á. Iná kékeré gbọ́dọ̀ máa tàn lókè táńkì mọ́jú fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́. Gbogbo wa la mọ bí iná ọba ṣe rí. Bí ó bá lọ lójijì láàárín òru, òbí á ta gìrì, ọmọ á tú ká, ẹlòmíràn nínú òbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì. Iná bátìrì ni kí ẹ tàn látìrọ̀lẹ́, kì í ṣe kí ẹ máa wá tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òkùnkùn ti dé. Ẹ sì dákun, ẹ fi fídíò sílẹ̀. Ẹni tó ń tan iná fóònù sójú ẹja tó ń tọ́mọ kò tíì ṣe tán láti sìn ín.

Bí wákàtí 24 bá kọjá lẹ́yìn tí ọmọ já lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ṣì wà káàkiri, ẹ yọ amọ̀ náà pàápàá, kó má ku nǹkan kan sínú táńkì ju òbí, ọmọ, kànìnkànìn funfun, àti hítà bí òtútù bá wà. Àwọn tó kó jọ sígun, ẹ fi rọ́bà fà wọ́n, kí ẹ tú wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbí. Bí òbí kan bá ń jẹ ọmọ, ẹ mú un kúrò. Ẹyọ kan tó kù lè tọ́ wọn.

Irú kan wà tí gbogbo èyí kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́: Pigeon Blood, tí wọ́n mú jáde ní Thailand. Ara rẹ̀ kì í ṣú, nítorí náà ọmọ kì í tètè rí i. Ẹ fi òmíràn tí ara rẹ̀ lè ṣú ṣe ìkejì rẹ̀, ẹ má so Pigeon Blood méjì pọ̀.

Tí ọmọ bá ti lẹ̀ mọ́ òbí, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 5 kí ẹ tó fún wọn ní artemia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ẹ sì fa èyí tó bá ṣẹ́ kù jáde láàárín ìdajì wákàtí. Ìgbà yẹn lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ omi, ìdá kan nínú mẹ́wàá lójúmọ́, kí ooru omi méjèèjì dọ́gba. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọmọ. Ẹ má bá wọn jà. Bí ẹ bá ti rí ọgbẹ́ lára òbí, ẹ kó òbí lọ sí táńkì mìíràn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ya akọ àti abo sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó tún yé ẹyin.