Ẹ má tẹ w láìwò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń fi fdisk àti parted pín hard disk

Hard disk tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi bà jẹ́ kì í ṣe tèmi. Oníbàárà kan ló gbé e wá pé kí n bá òun kó fọ́tò ìgbéyàwó inú rẹ̀ síbòmíràn. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, fìláàṣì mi tí mo fẹ́ pín ló ń jẹ́ /dev/sdb lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tan kọ̀ǹpútà, hard disk yẹn ti gba orúkọ náà, fìláàṣì mi ti di sdc. Èmi ò wò ó. Mo ṣí fdisk, ètò tí a fi ń pín hard disk, mo tẹ g (kó ṣe àkọsílẹ̀ ìpín tuntun), mo tẹ w (kó kọ ọ́ sórí hard disk), mo ń bá ẹnìkan tàkúrọ̀sọ lọ. Iná kékeré ara fìláàṣì kò ṣẹ́jú. Ti hard disk oníbàárà ló ṣẹ́.

Linux kì í so orúkọ mọ́ hard disk lọ́rùn títí ayé. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló ń fún ní sda, lẹ́yìn náà sdb. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ tẹ èyí:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL,MOUNTPOINT

Ẹ fi SIZE àti MODEL wé ohun tí wọ́n kọ sára hard disk náà. Èyí tí wọ́n kọ 1TB sí lára, 931.5G ni lsblk máa pè é: àwọn tó ṣe é ń fi 1000 ṣírò, lsblk ń fi 1024 ṣírò. Ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ohunkóhun bá sì wà lábẹ́ MOUNTPOINT, wọ́n ṣì ń lò ó lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ fi umount tú u sílẹ̀ ná.

Àwọn tó mọ fdisk dáadáa gan-an ni parted, ètò mìíràn tó ń pín hard disk, máa ń mú. Nínú fdisk, ẹ lè fi d pa gbogbo ìpín rẹ́, kó má tíì sí ohun tó ṣe hard disk, torí inú mẹ́mórì ni gbogbo rẹ̀ wà títí ẹ ó fi tẹ w. Bí àyà yín bá já, ẹ tẹ q, ẹ jáde. parted kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ rm 2 tí ẹ sì lu Enter, ìpín kejì ti lọ nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó tẹ q níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti lu Enter, tó rò pé òun ti bọ́.

Ohun tí ó ń gbani ni pé kí ẹ ti kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ ìpín náà kọ sílẹ̀:

sfdisk -d /dev/sdb > sdb.txt

Bí nǹkan bá wọ́, sfdisk /dev/sdb < sdb.txt á dá ààlà àwọn ìpín náà padà. Ẹ má fi sdb.txt pa mọ́ sínú hard disk tí ẹ fẹ́ pín o. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe é.) Ààlà nìkan ló sì mọ̀, fáìlì kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dín ìpín ext4 (ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sínú ìpín) kù, resize2fs, tó ń dín ext4 inú rẹ̀ kù, ló ń ṣáájú, lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe umount àti e2fsck -f (tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan bàjẹ́). Ìgbà náà ni ẹ ó tó dín ìpín fúnra rẹ̀ kù. Ẹni tó bá gé àpò kó tó bu gàrí kúrò nínú rẹ̀, ilẹ̀ ni gàrí máa dà sí. Bó bá jẹ́ fífẹ̀ ni, ìpín ni kó ṣáájú. Ẹ ṣe é nígbà tí bátìrì kún, torí iná lè lọ láàárín rẹ̀.

Àwọn kéékèèké: ìpín MBR (irú àkọsílẹ̀ ìpín àtijọ́) kì í kọjá 2TiB lórí ọ̀pọ̀ hard disk, ìpín gbòógì (primary) rẹ̀ kì í sì í ju mẹ́rin lọ, nítorí náà, nínú fdisk, g (tó ń ṣe GPT, irú tuntun) ni kí ẹ lò fún èyí tó tóbi, kì í ṣe lẹ́tà o (tó ń ṣe MBR). Àti pé /dev/sdb1 ni mkfs, àṣẹ tó ń fọ́rmáàtì ìpín, ń fẹ́; bí ẹ bá gbàgbé 1, gbogbo hard disk ló máa fọ́rmáàtì.

Ní ti fọ́tò ìgbéyàwó yẹn, mi ò tíì dé ibi mkfs kí n tó rí iná tó ṣẹ́jú. Mi ò kọ ohunkóhun sí i mọ́. TestDisk, ètò tó ń wá ìpín tó sọnù, wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rí ìpín àtijọ́, mo ní kó kọ ọ́ padà, gbogbo fọ́tò náà sì jáde. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fa okùn hard disk oníbàárà yọ kí n tó ṣí fdisk.