Ọ̀dà bó, owó lọ: bí mo ṣe kun yàrá ìfọṣọ tí ògiri rẹ̀ ń mumi

Inú mi ò tíì yọ́ sí akunlé tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ yìí fún wa. Ó gba owó ọ̀dà, ó gba owó iṣẹ́, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, glọ́ọ̀sì lòun máa lò, omi ò rí glọ́ọ̀sì gbé ṣe. Òjò ọdún yẹn ò tíì dá tí ọ̀dà náà ti ń wú káàkiri, bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ìka tẹ ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó bẹ́, omi ṣàn gba ọrùn ọwọ́ mi. Iyọ̀ funfun kúnnákúnná ló bo sìmẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo pè é, ó ní, "Mọ́mì, òrùlé yín ló ń jò." Òrùlé wo? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé wa, ìsàlẹ̀ ni yàrá ìfọṣọ wà, yàrá àwọn ọmọ ló wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ sì gbẹ táútáú.

Bàríga là ń gbé, lápá ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀sà. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ wá sókè. Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í sábà gòkè ju nǹkan bíi mítà kan lọ, iyọ̀ inú ilẹ̀ á sì bá a gòkè. Ọ̀dà olóróró ni glọ́ọ̀sì, ó ń dí ojú ògiri pa. Omi tó wà nínú ògiri ò wá rọ́nà gbà mọ́, á ti ọ̀dà náà dànù. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọ̀dà jẹun yẹ kó mọ èyí kó tó gbowó lọ́wọ́ ènìyàn.

Kí n tó tún náwó kankan, mo fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Mo gé ọ̀rá funfun méjì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, ọ̀kan nítòsí ilẹ̀, èkejì nítòsí àjà, mo dí etí wọn yípo kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ọ̀rá ìsàlẹ̀ ti rin gbingbin: inú ògiri lomi yẹn ti ń wá. Ti òkè, iwájú rẹ̀ ló tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ: omi inú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Àìsàn méjì ló ń ṣe yàrá kan ṣoṣo, ẹni tó kùn ún ò sì wo ọ̀kan nínú wọn.

Àmọ́ ti ìsàlẹ̀ yẹn pọ̀ ju omi ilẹ̀ lásán lọ lójú tèmi, ọ̀nà ibi páìpù ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ti burú jù. Bàbá púlọ́ńbà tó ṣe ilé náà wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ìyá ọmọ, páìpù mi ò jò rárá." Mi ò bá wọn jiyàn. Lálẹ́, mo ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, mo fi máákà fàlà sára táńkì níbi tí omi dé, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi. Ilẹ̀ mọ́, omi ti wálẹ̀ kúrò níbi àlà. Mo pe bàbá padà, mo fi hàn wọ́n. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n mú òòlù, wọ́n fọ́ táìlì. Oríkèé páìpù kan ti là nínú ògiri, omi ń kán níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Gbígbẹ ògiri ló wá sọ mí di ẹlẹ́jọ́ nínú ilé. A ti ha ọ̀dà kúrò, a ti gbẹ́ sìmẹ́ǹtì tó ti jẹrà títí kan búlọ́ọ̀kù, ògiri wà ní ìhòòhò, kò sì gbẹ. Inú oṣù Júùnù ni, oṣù tí òjò Èkó le jù. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, níbo ni ti ògiri fẹ́ gbà lọ? Mo gbé fáànù síbẹ̀, wọ́n mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀, owó epo ń lọ bí ẹni ń da á sílẹ̀. Mo lẹ ọ̀rá padà, ó tún tutù lẹ́yìn.

Gbogbo ẹni tó wọlé ló ní ìmọ̀ràn. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé kóòlùpọ́ọ̀tù eléèédú síbẹ̀ kí n tilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé ká má ṣe é: èéfín èédú inú yàrá títì ń pa ènìyàn láìní òórùn kankan. Sítóòfù kẹrosíìnì náà ò dáa, bó ṣe ń jó ló ń da omi sínú afẹ́fẹ́. Bíríkìlà ní kí n jẹ́ kóun fi skrídìn, èyí tí wọ́n fi ń dán ojú ògiri kí wọ́n tó kùn ún, bò ó, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi á mọ̀! Ọkọ mi ń bi mí lálaalẹ́ ìgbà tá a máa padà fọṣọ nínú ilé. Ìsinmi òjò inú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, Sẹ̀tẹ́ńbà tún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, tí ètè gbogbo wa ń là, ni ẹ̀yìn ọ̀rá wá gbẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Kíkùn gan-an ò ní ìtàn. A rẹ́ ẹ padà pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí a po èròjà adènà omi mọ́, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 kó lè gbó. Lókè, mo fi bílíìṣì tí mo lú mọ́ omi fọ ibi tí ebu dúdú ti hù, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo sì ṣan án. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ́ o, èéfín olóró ló ń mú wá. Ọ̀dà olómi tó ń jẹ́ kí ògiri mí ni mo lò. Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ glọ́ọ̀sì mọ́.

Owó tí mo ná lé ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọ̀dà àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé mo tún un ṣe lónìí, púlọ́ńbà ni màá kọ́kọ́ pè, akunlé ni màá pè kẹ́yìn, mi ò sì ní san owó iṣẹ́ tán kí òjò kan tó rọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí mi ò bá sì lè ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màá fi í sílẹ̀.

Ti òkè ò lè tán bí a ò bá yí ìwà padà. Aṣọ tútù tó kún ẹ̀rọ kan lè tú tó líta omi méjì sínú yàrá bó bá gbẹ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi já okùn tí àwọn ọmọ ta síbẹ̀, tí mo sì ní kí káfíńtà gbé fèrèsé tóóró yẹn kúrò, kó fi èyí tó fẹ̀ síbẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ ṣì ń yọ ní igun kan nísàlẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi ń gbá a, torí omi á kàn dá a padà sínú ògiri ni. Ògiri ìta ló kù báyìí, mo sì ti sọ fún bíríkìlà pé kó tó di oṣù Máàṣì, kó ti la gọ́tà ìdí rẹ̀.