Bí a ṣe ń kàwé tí kò fi ní fò lọ lórí

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tó sì ń ka ìwé GCE lálẹ́ ní Ìyànà-Ìpájà mọ bó ṣe máa ń rí. Ó ka orí kan lánàá, ó yé e yékéyéké. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ danfo, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó kà, gbogbo ẹ̀ ti pòórá. Kì í ṣe olódo. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì kan, há àwọn ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí láti fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885: kí wákàtí kan tó pé, èyí tó ju ìdajì lọ ti ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, ìgbàgbé á wá máa falẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ kejì ló yẹ ká ti padà sí ohun tí a kà, ká má dúró de ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Bí ẹ bá ti ka ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ pa ìwé dé. Ẹ mú bébà òfìfo, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rántí sí i láìyọjú wo ìwé. Ó máa nira, á sì dà bíi pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ má dá a dúró. Ìgbà tí ẹ bá ń wá nǹkan náà kiri nínú orí yín gan-an ló ń wọlé. Kíkà léraléra máa ń tan èèyàn jẹ: ojú ti mọ ọ̀rọ̀ náà, a wá rò pé orí náà ti mọ̀ ọ́n. Roediger àti Karpicke, àwọn olùṣèwádìí méjì, dán an wò ní 2006 pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n dán ara wọn wò ti gba iwájú lọ́wọ́ wọn. Kò yẹ kó ya ẹni tó bá lọ ilé-kéú lẹ́nu. Ọmọ kéú kì í fọ wàláà rẹ̀ títí yóò fi ké ohun tó wà níbẹ̀ fún áfáà láìwò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ohun tí ẹ kọ di káàdì. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, àgékù páálí kì í wọ́n. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ìbéèrè kan níwájú, ìdáhùn kan lẹ́yìn, ó tán. Mo ti rí káàdì tí ọ̀rọ̀ kún bí ìwé ìpè òkú àgbà, ìyẹn kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ká ní ìtàn Èkó lẹ ń kà. 1851 àti 1861 máa ń dàrú mọ́ra wọn, torí ohun tó bá jọra máa ń dí ara wọn lọ́wọ́ nínú ìrántí. Ẹ fi ìtàn dè wọ́n. Ní 1851, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba, òun ló sì fọwọ́ sí ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó ní 1861. Ìgbà bàbá ni ti àkọ́kọ́, ìgbà ọmọ ni ìkejì, ọdún 10 ló wà láàárín. Ẹ kọ káàdì kan fún ọba, ẹ kọ òmíràn fún ọdún.

Ẹ wá páálí bàtà, kí ẹ pín in sí yàrá mẹ́ta. Káàdì tuntun wà ní yàrá kìíní, ojoojúmọ́ lẹ ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹ bá mọ ìdáhùn rẹ̀ á bọ́ sí yàrá kejì, ìyẹn di ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta; bí ẹ bá tún mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ó di yàrá kẹta, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí ẹ bá kùnà, yàrá kìíní ló ń padà sí. Sebastian Leitner ló tan ọgbọ́n yìí kálẹ̀ ní 1972. Ti ojoojúmọ́ ni kí ẹ kó sápò lọ sí ibi iṣẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland tó ó kà, kò sì sẹ́ni tó máa já páálí gbà lọ́wọ́ yín lójú fèrèsé ní Oṣòdì.

Ibi tí ẹ ti ń kà náà lọ́rọ̀ nínú. Pavlov, ará Rọ́ṣíà, rí i pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ ajá léraléra, itọ́ ajá á máa dà bó bá ti gbọ́ ìró náà, oúnjẹ ì báà má sí. Àwa náà ń ṣe é: wọn ò tíì pariwo “Up NEPA!” tán tí ọwọ́ wa ti wà lára ṣájà. Bó bá jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti máa ń tẹ fóònù, ẹ gbé ìwé síbẹ̀, fóònù náà ni ara á máa béèrè. Ẹ yan àga kan, ẹ yan wákàtí kan, kí fóònù wà ní yàrá mìíràn nínú ilé títí káàdì ọjọ́ náà á fi tán. Lẹ́yìn náà ẹ lè mú un, kó jẹ́ èrè.

Ẹ sì sùn. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń fi ẹsẹ̀ ohun tuntun múlẹ̀, àìsùn mọ́jú ọjọ́ ìdánwò kì í san gbèsè kankan.

Bí káàdì kan bá ń padà sí yàrá kìíní ṣáá, ẹ má bínú sí orí yín. Ẹ ya á, kí ẹ gé ìbéèrè náà sí méjì, tàbí kí ẹ wá ìdí tí nǹkan náà fi rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ìyẹn sí ẹ̀yìn òmíràn.