Pẹ́dàlì frein (bíréèkì) ń rì bíi kànìnkànìn: ṣé étrier wa ló kéré ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún la wà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí tá a ń kan ọkọ̀ formula kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń díje ní Formula Student, ìdíje ọkọ̀ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn kàn, òfin wọn náà la ń tẹ̀lé. Étrier ọ̀kadà, ìyẹn ohun tó ń fún disque táyà mọ́ kó lè dúró, la fi sí i, tòkúnbọ̀ ni. A ti fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ́ìlì frein títí ó fi sú wa, ìgò ọ́ìlì méjì ló ti lọ, síbẹ̀ tá a bá tẹ pẹ́dàlì ńṣe ló ń rì bíi kànìnkànìn, á lọ kan bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ẹnìkan ní ká ra étrier tó tóbi ju eléyìí lọ. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn: Ẹ dúró ná, ẹ má náwó yín dànù. Bọ́tìnnì yẹn ò ṣẹ̀ yín o, òfin ló ní kó máa pa ẹ́ńjìnnì tí pẹ́dàlì bá ti rìn kọjá ààlà, awakọ̀ ò sì gbọdọ̀ lè dá a padà fúnra ẹ̀. Étrier ńlá tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà yẹn gan-an ló máa dá kún un. Ká ní písítìnnì tiyín jẹ́ milimítà 27, tẹ́ ẹ wá gbé 34 síbẹ̀, ọ́ìlì tó máa mu kó tó sún á fi ju ìdajì lọ lé sí ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù kan náà tó wà nídìí pẹ́dàlì ló máa tì í, ẹsẹ̀ yín á wá rì ju báyìí lọ. Ó máa di táyà mú ju tàtẹ̀yìnwá lọ lóòótọ́, àmọ́ ṣé ìyẹn lẹ bi mí?

Ẹ lọ wo ìṣó tẹ́ ẹ fi ń tú afẹ́fẹ́ yẹn, òkè ló wà àbí ìsàlẹ̀?

Ìbéèrè: Haa, ìsàlẹ̀ ni o bọ̀ọ̀dá, ti iwájú méjèèjì.

Ìdáhùn: Mo kúkú fura! Ẹ ti gbé étrier tọ̀tún sí òsì. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń sá lọ nínú ọ́ìlì, ìsàlẹ̀ lẹ sì ń tú, kí ló máa jáde bí kò ṣe ọ́ìlì? Ẹ pààrọ̀ wọn. Tí ìdè wọn ò bá jẹ́ kó ṣe é ṣe, ẹ tú étrier kúrò, ẹ gbé e dání kí ìṣó yẹn kọjú sókè, ẹ fi pákó tó nípọn bíi disque sáàárín plaquette méjèèjì (àwọn pátákó tó ń fún disque mọ́) kí písítìnnì má baà já bọ́, kẹ́ ẹ tó máa tẹ pẹ́dàlì.

Ìbéèrè: Ó ti le bí òkúta, ẹ ṣeun gan-an ni! Àmọ́ tá a bá ti sáré díẹ̀ ó tún ń rọ̀.

Ìdáhùn: Ọ́ìlì yín ti mumi nìyẹn, inú ìgò tẹ́ ẹ ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́ lẹ ti bù ú àbí? DOT 4 tuntun, ìyẹn irú ọ́ìlì frein kan, ò gbọdọ̀ hó kó tó pé 230°C, tó bá ti mumi ó lè wálẹ̀ sí 155, tó bá sì hó, ńṣe ló máa dà bí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, pẹ́dàlì á rọ̀; ẹ̀yin náà sì mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà wa níbí. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ lò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí i.

Ìbéèrè: Ìgò kékeré kan ṣoṣo ló ń fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́ìlì, ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o! Ọ̀nà méjì tí ò pàdé ni òfin wí, kálukú pẹ̀lú ìgò tiẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí ọ̀kan bá jò táyà méjì ṣì máa dúró.