Ẹ yé fi ojú lásán dá GMO mọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́jà Ìbàdàn

Nídìí àwọn tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, ìbéèrè kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu oníbàárà. Yóò bu ẹ̀wà sọ́wọ́, yóò tú u wò, bí kò bá rí kòkòrò, yóò ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe GMO nìyí?" Ohun tí wọ́n yí àbùdá (gene) rẹ̀ padà ló ń pè bẹ́ẹ̀. Màmá á ní rárá, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ọkàn oníbàárà á balẹ̀, á sanwó, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ májèlé ló gbé lọ sílé.

Àṣìṣe yìí ló ń ká mi lára jù. Ẹ̀wà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà wà ní Nàìjíríà lóòótọ́. SAMPEA 20-T ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Zaria ló gbé e jáde, ìjọba sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2019. Àbùdá kan láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ ni wọ́n fi sí i, kí ìdin Maruca má baà lu èso rẹ̀ lóko. Lóko ni mo wí o. Kòkòrò tó ń dá ẹ̀wà lu nínú àpò, ọ̀tọ̀ nìyẹn, àbùdá náà ò sì ràn án. Nítorí náà, bí ẹ̀wà bá ti pẹ́ ní ìsọ̀ tí kòkòrò ò yọjú, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan ń fọ́n dichlorvos, oògùn ẹ̀fọn àti aáyán, sínú àpò. NAFDAC ti kìlọ̀ títí. Lọ́dún 2019 wọ́n tilẹ̀ fòfin de ìgò kékeré rẹ̀. Ẹ̀wà yìí kan náà la fi ń se gbẹ̀gìrì tí à ń bù fún ọmọ! Ẹ ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kó kún dé ọrùn, kí ẹ sì dé e pinpin. Bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á kú.

Ẹ má sì pe gbogbo ohun tó bá ṣàjèjì lójú yín ní GMO. Wọ́tàmẹ́lọ̀ọ̀nù tí kò ní kóró, mímú irú kan pọ̀ mọ́ òmíràn ni wọ́n fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí nílùú wa, lọ́wọ́ sí, tó jáde lọ́dún 2011 nítorí fítámì A.

Bí ẹ bá ń wá GMO, oúnjẹ inú agolo àti ìgò tó ń ti òkè òkun wá ló yẹ kí ẹ wò. Ó lé ní ìdá 90 nínú 100 sóyà àti àgbàdo tí wọ́n ń gbìn ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ GMO. Láti 2022, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n kọ "Bioengineered" sára oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa lè má ní àkọlé yìí, torí àbùdá náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́kù nínú rẹ̀ mọ́.

Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun náà kò gbẹ́yìn: ọ̀pọ̀ ènsáìmù tó ń jẹ àbàwọ́n nínú rẹ̀, ara kòkòrò àìrí tí wọ́n yí àbùdá wọn padà ló ti ń wá.

Èyí tó lè gba ẹ̀mí ni kí alátọ̀gbẹ pa insulin tì nítorí ó gbọ́ pé GMO ni. Lóòótọ́, láti 1982 ni wọ́n ti ń fi bakitéríà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ṣe é, òun ló sì ń gbé àìmọye èèyàn dìde lójoojúmọ́. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, dókítà tó kọ ọ́ fún yín ni kí ẹ bi, ẹ má sì fo abẹ́rẹ́ kankan kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.