Bí A Ṣe Ń Fi Abẹ́rẹ́ Fún Ayaba Oyin ní Àtọ̀

Òkè lójú òfúrufú ni akọ oyin ti ń gun ayaba, wọ́n sì lè tó 10 sí 20. Ẹni tó bá fẹ́ yan baba fún ọmọ oyin rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló dájú jù.

Akọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sìn. Ọjọ́ 24 ni wọ́n fi ń ti inú ẹyin di oyin, wọn yóò sì tún lo bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbó. Ọjọ́ 16 péré ni ti ayaba, èyí tó bá sì ti lo ọjọ́ 7 sí 10 lẹ́yìn tó jáde ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn akọ fò kiri nínú àpótí aláwọ̀n kí wọ́n yàgbẹ́ tán. Àtọ̀ tí ìgbẹ́ bá kàn ti bàjẹ́.

Ẹ rọra tẹ akọ láti àyà wá sí ikùn títí àtọ̀ yóò fi yọ. Èyí tó pọ́n díẹ̀ ni kí ẹ fà. Ikun funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń dí abẹ́rẹ́. Máíkírólítà kan (ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà) ni akọ kan ń mú wá, bẹ́ẹ̀ 8 sí 12 ni ayaba kan nílò.

Ẹ ki ayaba sínú ọ̀pá kékeré lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ìdí rẹ̀ yọ síta, kí ẹ fi gáàsì kábọ́ọ̀nù dàókísáìdì mú un sùn. Ẹ fi ìkọ́ méjì la ìdí náà. Awọ kan wà níbẹ̀ tó dí ọ̀nà. Lloyd Watson ará Amẹ́ríkà ti ń lo abẹ́rẹ́ láti àwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àtọ̀ tó ń wọlé, àfìgbà tí Harry Laidlaw, onímọ̀ nípa oyin, ṣàlàyé awọ yìí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ ti àtọ̀ wọlé. Bí àtọ̀ bá ń ṣàn padà, ẹ ò tíì kọjá rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé iṣẹ́ parí síbí, mo sì gbà pé ibí gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè tó wákàtí 40 kí àtọ̀ tó dé àpò tí ayaba ń tọ́jú rẹ̀ sí, ìrìn ayaba fúnra rẹ̀ àti ooru ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Ayaba tí ẹ tì mọ́ àgò nínú òtútù, àtọ̀ yóò há sí i lọ́nà ẹyin, ó sì lè pa á. Ẹ dá a padà sínú ilé oyin kékeré tó kún fún oyin òṣìṣẹ́, níbi tí ooru ti tó 34°C, kó máa rìn láàárín wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún fún un ní gáàsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kó tètè yé. Ẹ gé ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ kan, kí ẹ sì fi àwọ̀n tí kò lè gbà kọjá sí ẹnu ọ̀nà, kó má baà fò lọ bá akọ ìta.

Nígbà tó bá ti yé, ẹ dúró títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi dé ojú ihò tí ọmọ náà wà. Ìdérí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òṣìṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Tó bá wú sókè káàkiri, akọ nìkan ló ń bí: àtọ̀ kò dé àpò, ẹ wá ayaba mìíràn.