Àṣìṣe tí ń fi oníbàárà wa lé olè lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ fún àwọn oníṣòwò Abẹ́òkúta

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà lórí WhatsApp láti ọ̀dọ̀ oníbàárà rẹ̀ àtijọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi dá a padà." Ó dá a padà, kò mọ̀ pé nọ́ńbà tí WhatsApp fi ń ṣí akáùntì òun lórí fóònù mìíràn ni. Kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, gbájúẹ̀ kan ti ń fi orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ polówó àdìrẹ ní ìdajì owó, ó sì ti fi nọ́ńbà akáùntì tuntun sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù sanwó. Oníbàárà tó kọ̀wé sí i yẹn pàápàá, wọ́n ti gba WhatsApp tirẹ̀ ṣáájú.

Kọ́bọ̀ kò kúrò nínú akáùntì ìyá yìí. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e ni wọ́n jà lólè.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi máa ń gbọgbẹ́ bí oníṣòwò bá sọ pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ rí jí lọ́wọ́ èmi?" Àṣìṣe yẹn ló bí gbogbo ìyókù. Ẹ wo inú fóònù yín: orúkọ èèyàn, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà akáùntì, ìgbà tí wọ́n máa ń sanwó. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́ ni. Oníjìbìtì kì í wádìí bóyá ṣọ́ọ̀bù tóbi; iṣẹ́ kan náà ló ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà, ẹni tó bá dáhùn ló mú. Ẹ̀gbá ti mọ odi yí ìlú yìí ká kí ogun Dàhòmì tó dé ní 1851; ẹ jẹ́ kí àwa náà mọ odi tiwa kí olè tó dé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú yín ló béèrè. Ẹ wọ Settings lórí WhatsApp, ẹ tẹ Account, kí ẹ tan Two-step verification, kí ẹ yan nọ́ńbà àṣírí tiyín. Ìyá aládìrẹ kò ṣe é. Olè ló bá a ṣe é, ló bá di pé ọjọ́ 7 gbáko ló fi dúró kó tó rí WhatsApp rẹ̀ lò padà.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù kò gùn. Ẹ má lo ẹyọ kan fún íméèlì, Facebook àti bánkì. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá kúrò lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ pààrọ̀ èyí tó mọ̀.

Ibi tó ká mi lára jù ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, láti Òkè-Mosàn títí dé ẹnu ọ̀nà FUNAAB. Ọmọ kan wá tẹ ìwé NIN rẹ̀, ó sanwó, ó lọ. Fáìlì náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, íméèlì rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá jókòó tẹ̀lé e yóò rí nọ́ńbà 11 náà, yóò rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀. Ìwé tó bàjẹ́ ńkọ́? Mo ti ra èpà rí tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ìwé-ẹ̀rí ẹlòmíràn wé, orúkọ onítọ̀hún hàn ketekete. Kò dára rárá. Ẹ pa fáìlì rẹ́ kí oníbàárà tó dìde, ẹ pa á rẹ́ nínú Recycle Bin pẹ̀lú, kí ẹ sì fa ìwé tó bàjẹ́ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń pa update, ìyẹn àtúnṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù àti kọ̀ǹpútà, nítorí pé ó ń jẹ dátà. Mo mọ bí dátà ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ń béèrè owó kó tó ṣí i. Ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá aláìsàn padà. Láti oṣù kẹta sì ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó ń dènà rẹ̀ jáde.

Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ NotPetya kọlu Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti Dẹ́ńmáàkì. Àkọsílẹ̀ tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn wà lórí kọ̀ǹpútà bí 150 káàkiri ayé, àmọ́ gbogbo wọn so kọ́ra, gbogbo wọn ló sì bá a lọ. Ẹyọ kan péré ló kù, ní ọ́fíìsì wọn ní Gánà, nítorí pé iná ti lọ níbẹ̀ nígbà tí ìkọlù náà dé. Ẹ̀dà tí ẹ kò bá yọ lára kọ̀ǹpútà yóò bá kọ̀ǹpútà lọ ni. Ẹ da àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè sórí fílásì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ mú un lọ sílé, kí ẹ sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù lẹ́yìn tí olè bá ti wọlé ni kí ìtìjú pa wá lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá aládìrẹ fi dákẹ́, èèyàn sì ń sanwó fún olè lọ. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fún wa ní wákàtí 72 láti fi tó Nigeria Data Protection Commission létí, bí dátà àwọn èèyàn bá jò lọ́wọ́ wa lọ́nà tó lè pa wọ́n lára. Bí ewu náà bá pọ̀, kí a sọ fún àwọn tó ni ín lójú ẹsẹ̀, lédè tó yé wọn. Ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn tí òfin kà sí pàtàkì nítorí dátà tó wà lọ́wọ́ wọn, mílíọ̀nù 10 ló máa ń bẹ níbẹ̀ dípò mílíọ̀nù 2.

Ẹ kọ́kọ́ pe bánkì tí akáùntì olè náà wà, kí wọ́n dí i kí owó tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn yín pe àwọn oníbàárà, torí olè náà ń kọ̀wé lórúkọ yín. Ní ọjọ́ kẹrin ni ìyá yẹn tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin gan-an ni, mà?"